Fìlà Adebisi àti ọ̀pá Eko: ìdáhùn fún òǹkàwé kan

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin ń wo Lost láti ìbẹ̀rẹ̀, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nípa àwọn tí ọkọ̀ òfuurufú wọn já sí erékùṣù kan. Nígbà tí Mr. Eko jáde, mo sọ fún un pé ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin yìí, pé òun náà ló ṣe Adebisi nínú Oz nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ọmọ náà ní, bí ó bá mọ eré ṣe tó báyìí, kí ló dé tí kì í ṣe òun ni àwòrán rẹ̀ máa ń tóbi lára pósítà, tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló máa ń wà? N kò rí èsì fún un. Ṣé ó kùnà ni, àbí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìtàn ọkùnrin náà àti iṣẹ́ rẹ̀ fún wa, kí ẹ sì sọ èyí tí ó yẹ kí a wò lẹ́yìn Lost."

Ẹ ṣeun, ẹ sì bá mi kí ọmọ náà. Adewale Akinnuoye-Agbaje kò kùnà. Ọ̀rọ̀ bóyá wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni ó gba àlàyé, n ó sì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí irú ìbéèrè yìí fi máa ń yá wa lẹ́nu, nítorí pé inú eré tiwa gan-an ló ti ń wá.

Nílé wa, ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ ló ni eré. Láti ìgbà tí Hubert Ògúndé ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945 ni ó ti rí bẹ́ẹ̀: ọ̀gá ló ń ronú eré, òun ló ń darí rẹ̀, òun ló ń wá owó mọ́tò àti owó oúnjẹ, òun náà sì ni gbogbo ojú ń wò lórí ìtàgé. Ẹni tí ó ń ṣe ìránṣẹ́ ọba, tàbí ọlọ́pàá tí ó wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ iṣẹ́ ni, ó ń retí ọjọ́ tí yóò ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù, tí yóò kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ, tí òun náà yóò wá di olú ẹ̀dá ìtàn. Nítorí náà, bí a bá rí àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ tí ó ṣì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn, ọkàn wa á sọ fún wa pé ọ̀gá kò tíì gbà á sílẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe tò ó ní Hollywood àti ní London yàtọ̀ sí tiwa. Orúkọ olú ẹ̀dá ìtàn ni wọ́n fi ń wá owó fíìmù, ojú rẹ̀ sì ni ọjà tí wọ́n ń tà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òṣèré mìíràn wà, tí n ó máa pè ní òṣèré ipa ẹ̀gbẹ́, tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ pé kí wọ́n di ẹlòmíràn pátápátá láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá: ẹlẹ́wọ̀n, àlùfáà, ọ̀gá jàǹdùkú, adájọ́, aládùúgbò tí kì í jẹ́ kí ará ilé sùn. Àwọn tí ó ń yan òṣèré mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ owó. Wọ́n lè ṣe iṣẹ́ náà títí di ọjọ́ ogbó, nítorí pé ẹwà kọ́ ni wọ́n ń tà. Bí fíìmù mẹ́ta bá sì dojú dé léraléra, olú ẹ̀dá ìtàn ni ọ̀rọ̀ náà yóò bá wí. Ẹni tí ó ṣe àlùfáà nínú rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni wọ́n bí Adéwálé ní London. Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni àwọn méjèèjì. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury, ìlú èbúté kan létí odò Thames ní Essex, pé kí wọ́n máa bá àwọn tọ́ ọ. Ẹ má tètè dá àwọn òbí náà lẹ́bi. Láti bí àárín ọdún 1950 síwájú, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe bẹ́ẹ̀: inú yàrá kan ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́, kò sí ìyá àgbà nítòsí tí yóò gba ọmọ pọ̀n. Wọ́n á fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn bíi Nursery World pé àwọn ń wá alágbàtọ́, wọ́n á sì máa sanwó fún onítọ̀hún. Lójú tiwọn, kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹni tí ó dàgbà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tàbí nílé tíṣà? Ohun tí wọn kò rò dé ibẹ̀ ni pé ẹni tiwa ni alágbàtọ́ tiwa, èdè wa ló fi ń bá ọmọ wí, oríkì wa ló sì fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Òyìnbó ń pe àṣà yìí ní "farming", bí ẹni pé ohun ọ̀sìn ni àwọn ọmọ náà. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ, ìgbà kan wà tí ọmọ Áfíríkà inú ilé Tilbury yẹn pé mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ó ṣì kéré, àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sí Nàìjíríà. Kò gbọ́ Yorùbá, kò mọ ẹnikẹ́ni, ilé bàbá rẹ̀ sì di ilẹ̀ àjèjì fún un. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé wọ́n dá a padà sí Tilbury. Ní ìlú náà, àwọn ọmọ òyìnbó afárí tí wọ́n kórìíra aláwọ̀ dúdú a máa lù ú lójú títì, nígbà tí ó sì yá, òun náà wọ ẹgbẹ́ wọn. Ẹ kà á bẹ́ẹ̀, n kò ṣì í kọ. Ọmọ tí ó ń jẹ́ Adéwálé, tí ilé kò gbà, wá ilé láàárín àwọn tí ó kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bàbá rẹ̀ fi í sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Surrey níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà. Ó gba oyè nínú ìmọ̀ òfin ní King's College London, ó tún gba oyè kejì lé e nínú òfin kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣe iṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì, ó sì kọjá sí Amẹ́ríkà.

N kì í fẹ́ kí a máa fi ìyà tí òṣèré jẹ ṣàlàyé gbogbo ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jìyà tí kò lè ṣe eré ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, ọmọ tí ó ní láti wo ojú àwọn tí ó wà nínú yàrá kí ó tó mọ irú ẹni tí òun yóò jẹ́ lónìí, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń kọ́ iṣẹ́ kan láìmọ̀.

Ní 1995 ni fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ìyẹn Congo, níbi tí ó ti ṣe Kahega, ẹni tí ó ṣáájú àwọn aláàárù wọ inú igbó. Ní ọdún kan náà, ó ṣe Hitu nínú fíìmù apanilẹ́rìn-ín Ace Ventura kejì. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yóò rántí Orlando Martins níbi yìí, ọmọ Àgùdà tí wọ́n bí ní Èkó ní 1899, tí ó ṣe fíìmù ní London fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó dé Ìbàdàn. Baálẹ̀, ìránṣẹ́, olóògùn ìkà: irú ipa tí wọ́n sábà máa ń fún un nìyẹn. Nínú Men of Two Worlds, ní 1946, òun ni Magole, oníṣègùn tí ó fi ẹ̀rù de abúlé mọ́lẹ̀. Bí àádọ́ta ọdún ló wà láàárín Magole àti Kahega, ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì sì gbà wọlé. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ìrẹ́jẹ wà, ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Pé ènìyàn kò ṣe olú ẹ̀dá ìtàn kò burú. Ohun tí ó burú ni pé irú ènìyàn tí wọ́n gbà pé aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà lè jẹ́ kò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ.

Oz ló kọ́kọ́ fún un láàyè. Ní oṣù keje ọdún 1997 ni HBO, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ eré náà, tí Tom Fontana dá sílẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Apànìyàn ni Simon Adebisi, ajoògùnyó ni, afipábánilò ni, kò sí ìwà rere kan tí a lè tò mọ́ ọn lára. Ipa bẹ́ẹ̀ rọrùn láti bàjẹ́: òṣèré á kàn máa pariwo, á máa yọ ojú. Ẹ wá wo ohun tí Adéwálé ṣe. Fìlà kékeré aláhun kan wà lórí rẹ̀ tí ó fá, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì dé e sí ẹ̀gbẹ́ kan tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé ó ti já bọ́ tán, tí kò sì já bọ́. Ó ń rìn, fìlà náà wà níbẹ̀. Ó ń jà, ó wà níbẹ̀. Àwọn òyìnbó tí ó ń wò ó ń bi ara wọn pé kí ló gbé e dúró. Àwa tí a mọ fìlà dídé mọ̀ pé èdè ni. Ọ̀nà tí ọkùnrin gbà dé abetí ajá rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ kí òun tó lanu, ẹni tí ó bá sì dé tirẹ̀ kọjá ibi tí ojú lè gbà, ohun tí ó ń wí ni pé kò sí òfin ilé yìí tí ó kan òun. Wọ́dà ń pàṣẹ, fìlà ń fèsì.

Ohun kejì ni pé kò kánjú. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù bá ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, òun á rọra rìn wọlé, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rù á ti bà yín kí ó tó sọ gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹlẹ́wọ̀n àgbà kan láti Áfíríkà, tí Zakes Mokae ará South Africa ṣe, wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá, ojú kan náà tí ó ń dẹ́rù bani rọ̀ bí ojú ọmọ tí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n pè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, lórí sídíì tí ó ń há lójú kan, nílé ọ̀rẹ́ mi ní Ìbàdàn, ẹni tí ó jókòó tì mí sọ pé, "Ọmọ yìí ń wá ilé." N kò tíì mọ ìtàn Tilbury nígbà náà. Ní ọdún 2000 ni Adebisi kú nínú eré náà, lọ́wọ́ Kareem Saïd, tí Eamonn Walker ṣe. Ọmọ London ni Walker náà, nítorí náà ọmọ London méjì ló ń jà nínú ẹ̀wọ̀n Amẹ́ríkà yẹn, tí ará Amẹ́ríkà kò sì fura.

Láti ìgbà náà ni orúkọ ẹ̀dá ìtàn ti gbé orúkọ òṣèré mì, èyí tí kò ṣàjèjì sí wa. Mélòó nínú wa ló máa ń pe Moses Ọláìyá ní nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí Bàbá Sàlá, tàbí tí ó rántí Babátúndé Omidínà kí ó tó rántí Bàbá Sùwé? Àmì kan náà nìyẹn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Bàbá Sàlá ló ni eré Bàbá Sàlá. Adebisi jẹ́ ẹnì kan láàárín ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n, ẹlòmíràn ló kọ ọ́, síbẹ̀ òun ni ẹni tí ó wo Oz kì í gbàgbé.

Nínú The Bourne Identity ní 2002, ibi tí ó ti jáde kò pọ̀. Òun ni Wombosi, olórí kan láti Áfíríkà tí wọ́n lé kúrò nílùú, tí Bourne, olú ẹ̀dá ìtàn fíìmù náà, fẹ́ pa tí kò lè pa. Ẹ wo ibi tí ó ti wọ yàrá òkú, tí wọ́n ṣí aṣọ lójú òkú kan fún un pé ẹni tí ó wá pa á rèé. Ó wò ó, ó ní irọ́ ni, kì í ṣe ẹni náà. Gbogbo ìyókù ìtàn náà yí lórí ìṣẹ́jú yẹn, bí kò bá sì jẹ́ pé òṣèré náà mú kí a gbà pé ọkùnrin yìí ti ṣe olórí rí, pé wọ́n ti purọ́ fún un rí, ìṣẹ́jú náà kò ní lè ru ẹrù tí wọ́n gbé lé e.

Lost ni ẹ ń wò, nítorí náà n kò ní ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún yín. Ní ìparí 2005 ni Eko wọ eré náà, nínú apá kejì. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ òfuurufú já, ó pa ènìyàn méjì tí wọ́n wá jí wọn gbé, lẹ́yìn èyí kò sọ̀rọ̀ mọ́ fún ogójì ọjọ́. Nígbà tí Ana Lucia, obìnrin kan tí òun náà yè nínú ìjàǹbá ọkọ̀ náà, bú sẹ́kún níkẹyìn, tí ó sì bi í pé ṣé ogójì ọjọ́ ni ó dúró kí ó tó sọ̀rọ̀, Eko dá a lóhùn pé, "Ìwọ náà dúró fún ogójì ọjọ́ kí o tó sunkún." Òṣèré tí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló gbójú lé ìbá ti kú nínú ipa yìí. Adéwálé fi ìdúró ṣe é, ó fi ọ̀pá ṣe é, ọ̀pá ńlá tí ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ọ̀rọ̀ Bíbélì sí lára. Ẹ wo bí ó ṣe ń mú un dání: nígbà mìíràn bí ọ̀pá àlùfáà, nígbà mìíràn bí kùmọ̀, ẹ kò sì ní mọ ìgbà tí ọ̀kan di èkejì.

Ìtàn Nàìjíríà tí wọ́n fún Eko ní àbùkù fún ẹni tí ó bá mọ ilé. Abúlé náà lè wà níbikíbi ní Áfíríkà lójú ẹni tí ó kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí ó gbéra ní Nàìjíríà tí ó wá já sí erékùṣù Òkun Pàsífíìkì, n kò ní bá yín jiyàn lé e lórí. Àmọ́ ibi tí àwọn oníbọn ti fún ọmọdé ní ìbọn pé kí ó pa àgbàlagbà, tí Eko kékeré gba ìbọn náà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ Yemi kí ẹ̀ṣẹ̀ má bàa wà lọ́rùn ọmọ, ìyẹn ni òṣèré náà fi sínú ara ní gbogbo ìgbà tí ó bá dúró gẹ́gẹ́ bí àgbà. Ẹni tí ó ru ẹ̀ṣẹ̀ àbúrò ló ń rìn yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun fẹ́ kúrò nínú eré náà, nígbà tí ó wà lójú ọjà gidi, ó sì kúrò ní oṣù kọkànlá ọdún 2006. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ààyè kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e pọ̀, n ó sì yára kọjá lára wọn. Ó wà nínú G.I. Joe ní 2009. Ní Thor: The Dark World, 2013, ó di Kurse, abàmì ẹ̀dá tí a kò rí ojú rẹ̀. Ní Suicide Squad, 2016, ó di Killer Croc, tí wọ́n ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí láti lẹ awọ ọ̀nì mọ́ ọn lójú kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìmúra fíìmù náà gba Oscar, èyí tí ó jẹ́ pé ojú Adéwálé wà lábẹ́ apá kan nínú rẹ̀. Sọ fún ọmọ rẹ pé ìdáhùn kan sí ìbéèrè pósítà rẹ̀ wà níbẹ̀: ẹni tí ojú rẹ̀ jẹ́ ọjà kò ní gbà kí wọ́n fi rọ́bà bò ó.

Ìdáhùn kejì korò díẹ̀. Ní 2015, wọ́n ṣe Concussion, ìtàn Bennet Omalu, dókítà ọmọ Nàìjíríà tí ó rí àrùn ọpọlọ lára àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà (American football). Ọmọ Nàìjíríà ni olú ẹ̀dá ìtàn, òṣèré ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n Will Smith ni wọ́n gbé ipa Omalu fún, tí ó ń fi ohùn Nàìjíríà sọ̀rọ̀, wọ́n sì fún Adéwálé ní ipa Dave Duerson, agbábọ́ọ̀lù ará Amẹ́ríkà. Mo mọ ìdí rẹ̀: Will Smith ni ará ìta yóò san owó wá wò. Ìdí náà yé mi, kò sì dùn mọ́ mi. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ wo Duerson náà dáadáa, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní sọ pé ẹni tí ó ṣe é kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Nípa èyí tí ẹ óò wò lẹ́yìn Lost: ẹ jẹ́ kí ọmọ náà dàgbà dáadáa kí ẹ tó fi Oz hàn án, nítorí kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹ wo Bourne pọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin àgbà wá Farming, fíìmù tí ó fi ìtàn Tilbury ṣe, tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tí òun náà sì darí. Wọ́n kọ́kọ́ fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Toronto ní 2018, ó sì gba ẹ̀bùn Michael Powell níbi àjọ̀dún fíìmù Edinburgh ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Enitan ni ọmọ inú rẹ̀ ń jẹ́, orúkọ tí àwa tí a gbọ́ èdè náà gbọ́ ìtàn nínú rẹ̀. Damson Idris, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní London, ló ṣe Enitan nígbà tí ó di ọ̀dọ́, Genevieve Nnaji sì ṣe ìyá rẹ̀.

Ìtàn ara rẹ̀ ni, kò sì sí olùdarí mìíràn tí ó lè gba ipa lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa wá a nínú fíìmù náà. Ipa bàbá ni ó mú, bàbá tí ó gbé ọmọ fún alágbàtọ́ tí ó sì yíjú padà sídìí ìwé rẹ̀. Ìwọ̀nba ni ibi tí ó ti jáde, ó sì dúró díẹ̀ sẹ́yìn àwọn yòókù.